Ìṣákọ́lẹ̀ Orí Búrẹ́dì

Bí ẹ bá bi ọmọ tó ń gé búrẹ́dì nídìí káńtà Subway ní Amẹ́ríkà lónìí pé kí ló dé tí sáńwíìṣì tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, èyí tí wọ́n ń pè ní footlong, fi ń kọjá dọ́là 10, yóò ní nǹkan ti wọ́n. Ìdáhùn yẹn ti wọ gbogbo èèyàn létí débi pé kò sẹ́ni tó ń bá a jiyàn mọ́. Èmi fẹ́ bá a jiyàn. Nǹkan wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun kọ́ ló gbé owó sáńwíìṣì yìí dé ibi tó dé, ẹran kọ́ ló sì sọ ọ́ di jákujàku. Àwọn tí kò fọwọ́ kan búrẹ́dì rí ló ń kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni wọ́n ń dì fún ẹni tó sanwó.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì rántí ìgbà tó jẹ́ dọ́là 5. Ọ̀gá ńlá kankan kọ́ ló ronú kàn án. Stuart Frankel, tó ní ṣọ́ọ̀bù Subway kékeré méjì nítòsí ilé ìwòsàn Jackson Memorial ní Miami, ló rí i pé ọjà òun ń dákú tó bá ti di Sátidé àti Sọ́ńdè, ló bá yọ nǹkan bíi dọ́là kan kúrò lórí iye tó ń tà á, ó sọ ọ́ di dọ́là 5 géérégé. Èrò ya dé. Kí àwọn tó wà lókè tó gbà á káàkiri orílẹ̀-èdè, ó ti di 2008, wọ́n wá fi orin kan polówó rẹ̀ tí etí kì í gbàgbé bọ̀rọ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣèṣirò. Tí a bá fi bí owó ọjà ṣe ń lọ sókè ní Amẹ́ríkà wọ̀n ọ́n, dọ́là 5 ti 2008 jẹ́ nǹkan bíi dọ́là 7 àti sẹ́ǹtì 30 ní 2024. Ibi tí “nǹkan wọ́n” lè gbé wa dé nìyẹn. Ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 2024, nígbà tí ọjà fà sẹ́yìn, Subway fúnra wọn gbé ẹ̀dínwó jáde fún ọ̀sẹ̀ méjì: footlong èyíkéyìí ní dọ́là 6 àti sẹ́ǹtì 99, fún ẹni tó bá rà á látorí fóònù tàbí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi iye méjèèjì yẹn síwájú ara wọn. Ohun tí wọ́n pè ní àánú ọ̀sẹ̀ méjì kò jìnnà sí iye tó yẹ kí sáńwíìṣì náà máa jẹ́ lójoojúmọ́ ayé.

Wọ́n á ní owó òṣìṣẹ́ ni. Ní California, ó ní ìdí tí wọ́n fi lè sọ bẹ́ẹ̀: láti oṣù Kẹrin ọdún 2024, òṣìṣẹ́ irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ gba owó tó dín ní dọ́là 20 ní wákàtí kan. Ní Texas àti Georgia ńkọ́, níbi tí àwọn èèyàn wa kún fọ́fọ́? Dọ́là 7 àti sẹ́ǹtì 25 ni òfin fi lélẹ̀ níbẹ̀, láti oṣù Keje ọdún 2009 ni kò sì ti yẹ̀. Ní ìparí 2008, ẹni tó ń gba owó tó kéré jù lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀, dọ́là 6 àti sẹ́ǹtì 55, lè fi iṣẹ́ wákàtí kan ra footlong kó sì gba ṣéńjì. Lónìí, ẹni tó ń gba owó tó kéré jù ní Houston yóò ṣiṣẹ́ wákàtí kan, kò sì ní lè ra èyí tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì.

Ta ló wá jẹ èyí tó kù? Ẹ gbọ́ bí òwò náà ṣe rí. Ṣọ́ọ̀bù tí ẹ wọ̀ yẹn kì í ṣe ti Subway. Ẹnì kan ló háyà orúkọ, tó fi owó ara rẹ̀ ra ààrò àti fíríìjì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ àjèjì bíi tiwa, tó wá láti Íńdíà àti àwọn ilẹ̀ ìtòsí rẹ̀, torí pé owó ìwọlé Subway, tó jẹ́ dọ́là 15,000 fún ọ̀pọ̀ ọdún, kéré sí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nínú dọ́là 100 tó bá wọ àpótí ẹni yìí, dọ́là 8 ni owó orúkọ, dọ́là 4 àtààbọ̀ ni owó ìpolówó. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń gbà á, orí ọjà tó tà ni wọ́n sì ti ń gbà á, kì í ṣe orí èrè tó jẹ. Kó tó sanwó ẹran, kó tó sanwó iná, kó tó fún ọmọ iṣẹ́ ní kọ́bọ̀, dọ́là 12 àtààbọ̀ ti lọ.

Ìṣákọ́lẹ̀ ni, ẹ má jẹ́ ká fi èdè dídán bò ó. Àmọ́ onílẹ̀ tiwa lóko kòkó ń dúró kí àtọ̀húnrìnwá kórè kó tó retí tirẹ̀, ó sì mọ̀ pé ọdún mìíràn wà tí òjò kì í rọ̀. Onílẹ̀ ti Connecticut, níbi tí Subway ti bẹ̀rẹ̀, kò mọ ọ̀dá. Ẹni tó wọ gbèsè lọ́sẹ̀ yìí yóò san ìdá kan náà pẹ̀lú ẹni tó jèrè. Ilé tí ṣọ́ọ̀bù wà gan-an, ilé iṣẹ́ náà ló sábà máa ń gbà á lọ́wọ́ onílé, tí yóò tún wá yá a fún ẹni tó háyà orúkọ. Bó bá gbó wọn lẹ́nu, kò ṣòro láti lé e jáde.

Ibẹ̀ gan-an ni jákujàku ti wọlé. Ọlọ́ṣọ́ọ̀bù ò lè dín ìṣákọ́lẹ̀, kò lè dín owó ilé, kò sì lè lọ ra ẹran lọ́dọ̀ ẹni tó wù ú, nítorí àwọn tí ilé iṣẹ́ náà fọwọ́ sí nìkan ló gbọdọ̀ rà lọ́wọ́ wọn. Kí ló kù tó lè dín? Èèyàn, tòmátì àti wákàtí. Ẹ̀yin náà ti rí i: ọmọbìnrin kan ṣoṣo ní aago méjìlá ọ̀sán, èrò tò dé ìta, òun ló ń gbowó, òun ló ń yan búrẹ́dì, òun náà ló ń dì í fún àwọn tó rà á lórí fóònù tí wọn ò tíì dé. Ẹyọ ẹyọ ló ń ka ẹran sórí búrẹ́dì. Mi ò bá a jà, ẹ̀yin náà ẹ má bá a jà.

Ẹni tó ń jẹ lórí ọjà títà, tí èrè ọlọ́jà kò kàn, ohun méjì ló máa ń wù ú: kí ṣọ́ọ̀bù pọ̀, kí ọjà sì yá, bó tilẹ̀ jẹ́ àdánù ni wọ́n fi ń tà á. Subway ṣe méjèèjì. Àwọn aṣojú agbègbè ń pín nínú ìṣákọ́lẹ̀ àwọn ṣọ́ọ̀bù agbègbè wọn, nítorí náà wọ́n ń ṣí i lọ títí ọ̀kan fi ń gba oníbàárà mọ́ òmíràn lọ́wọ́ ní àdúgbò kan náà. Ní 2015 wọ́n ju 27,000 lọ ní Amẹ́ríkà nìkan. Nígbà tí 2024 fi máa parí, wọn ò tó 20,000 mọ́. Lẹ́yìn gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó kógbá sílé, ẹnì kan wà tó ti kó owó sí i. Nígbà tí wọ́n sì fẹ́ dá footlong padà sí dọ́là 4 àti sẹ́ǹtì 99 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2018, àwọn ọlọ́ṣọ́ọ̀bù kọ̀wé ẹ̀hónú pé àdánù ni yóò jẹ́ fún àwọn. Lójú olú ilé iṣẹ́, àdánù ẹlòmíràn ni.

Búrẹ́dì náà gan-an ńkọ́? Ní 2020, ẹjọ́ kan dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Ireland. Ilé iṣẹ́ kan tó ní ṣọ́ọ̀bù Subway níbẹ̀ ní kò yẹ kí òun san owó orí ọjà lórí àwọn oúnjẹ kan tí òun ń tà, nítorí pé kòṣeémánìí ni búrẹ́dì. Òfin wọn sọ pé ṣúgà inú búrẹ́dì kò gbọdọ̀ ju ìdá 2 nínú 100 ìwọ̀n ìyẹ̀fun rẹ̀. Ti Subway jẹ́ ìdá 10. Àwọn adájọ́ ní èyí kì í ṣe búrẹ́dì lójú òfin náà. Àwọn kan fi ẹjọ́ yìí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọ̀rọ̀ owó orí lásán ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ owó orí ni. Ṣùgbọ́n ìlọ́po márùn-ún kì í ṣe pé ọwọ́ ẹnì kan yọ̀. Ìyẹ̀fun tó dára kò nílò kí ṣúgà máa polówó rẹ̀.

Ní 2014 ẹ̀wẹ̀, lẹ́yìn ariwo àwọn oníbàárà, wọ́n yọ azodicarbonamide kúrò nínú búrẹ́dì wọn ní Amẹ́ríkà, kẹ́míkà tí òfin ibẹ̀ gbà láyè nínú ìyẹ̀fun, tí ilẹ̀ Yúróòpù kò gbà, tí àwọn tó ń ṣe rọ́bà fóòmù náà sì ń lò. Títí di 2023, gígé ni ẹran wọn ti ń bọ̀ láti ilé iṣẹ́. Ọdún yẹn ni wọ́n tó gbé ẹ̀rọ ìgéran wọ àwọn ṣọ́ọ̀bù ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì polówó rẹ̀ bí ẹni pé àwọn ni wọ́n dá ọ̀bẹ sílẹ̀.

Nínú gbogbo ẹjọ́ wọn, ti ínṣì 11 ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2013, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Australia gbé rúlà lé footlong rẹ̀, ó ya fọ́tò: ínṣì 11 ni, kò pé 12. Àwọn lọ́yà Amẹ́ríkà sáré gba kóòtù lọ. Àdéhùn tí wọ́n jọ ṣe ni pé Subway yóò máa wọn búrẹ́dì, àwọn tó pẹjọ́ yóò gba dọ́là 500 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, àwọn lọ́yà yóò sì kó dọ́là 520,000. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ búrẹ́dì ńkọ́? Òfo. Ní 2017, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Chicago da àdéhùn náà nù, ó ní kò wúlò fún oníbàárà rárá. Ó tún sọ ohun kan tí mo gbà: ìyẹ̀fun tí wọ́n ń pò kò dín ní ìwọ̀n, bó ṣe wú nínú ààrò ló ń mú kí gígùn rẹ̀ yàtọ̀. Nítorí náà, ínṣì kan kọ́ ni ìjà mi. Ẹ fi ti ẹja tuna náà sílẹ̀. Ẹni tó pẹjọ́ ní California pé kì í ṣe tuna ti jáwọ́, ẹjọ́ náà sì ti parí ní 2023. Irú ẹjọ́ wọ̀nyí kàn ń fún ilé iṣẹ́ náà láyè láti fi wá rẹ́rìn-ín ni, nígbà tí ìwé ìṣirò wọn wà nílẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ṣí i.

Ẹ jẹ́ ká ṣí i. Fred DeLuca, ọmọ ọdún 17, ló gba dọ́là 1,000 lọ́wọ́ Peter Buck, onímọ̀ físíìsì tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ìdílé rẹ̀, tí wọ́n fi ṣí ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ní Bridgeport ní 1965. Ìtàn tó dára ni, mi ò ní bà á jẹ́. DeLuca kú ní 2015, Buck kú ní 2021. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni Roark Capital, ilé iṣẹ́ olówó kan ní Atlanta tí òwò rẹ̀ jẹ́ ríra ilé iṣẹ́ ẹlòmíràn, ra Subway tán, ní iye tí àwọn oníròyìn ní ó tó bílíọ̀nù 9 àtààbọ̀ dọ́là. Roark yìí kan náà ló wà lẹ́yìn Arby's, Jimmy John's, Schlotzsky's àti McAlister's Deli. Ẹni tó bínú kúrò ní Subway tó lọ wọ Jimmy John's, ọwọ́ òsì ló kúrò tó bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún ẹnì kan náà. Nígbà tí ọdún yẹn ń parí lọ, Blackstone náà gbà láti ra èyí tó pọ̀ jù nínú Jersey Mike's, wọ́n sì díye lé e ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 8.

Kò pẹ́ tí Roark gbà á tán ni Subway ta ìwé gbèsè tó ju bílíọ̀nù 3 dọ́là lọ. Kí ni wọ́n fi dúró? Ìṣákọ́lẹ̀ náà ni. Ẹ tún un kà. Owó tí ọlọ́ṣọ́ọ̀bù yóò san lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ní ọdún tó ń bọ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti yáwó lé e lórí lónìí. Bí àánú ọlọ́ṣọ́ọ̀bù bá tilẹ̀ ṣe ẹnì kan ní olú ilé iṣẹ́, kò ní agbára láti dín in, nítorí ẹni tó yá wọn lówó ń retí tirẹ̀. Tí ẹ bá san dọ́là 12 lórí búrẹ́dì, ewé lẹ́túùsì díẹ̀ àti ẹran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ mọ̀ pé èlé gbèsè tí ẹ kò jẹ wà nínú rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé mò ń sọ àsọdùn, kó wo Quiznos. Ní nǹkan bíi 2007 ó ń sún mọ́ ṣọ́ọ̀bù 5,000. Ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó bá a tan ni wọ́n ní dandan kí àwọn ọlọ́ṣọ́ọ̀bù ti máa ra oúnjẹ, ní iye tí àwọn yẹn ní ó ga ju ti ọjà lọ, títí wọ́n fi gbé e lọ sí kóòtù. Ní oṣù Kẹta ọdún 2014, Quiznos lọ kéde pé òun ò lè san gbèsè mọ́. Ẹ lọ wá a lónìí.

Àwọn kan á ní, ta ló fi ìbọn tì ọ́ láti jẹ Subway? Ẹ bi àwọn nọ́ọ̀sì wa tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Subway wà nínú ilé ìwòsàn, ó wà nínú Walmart, ó wà ní ilé epo lójú ọ̀nà márosẹ̀ níbi tí ilé oúnjẹ mìíràn kò sí. Ẹni tí ebi ń pa ní aago mẹ́wàá alẹ́, tó ní ìṣẹ́jú díẹ̀ láti jẹun, kò ní ọjà tó lè ná. Mi ò bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ wí. Ẹ̀yin tó kù, tí ẹ ní mọ́tò tí ẹ sì ní àyè, ẹ má san iye tó wà lórí pátákó yẹn mọ́. Ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Ítálì ṣì wà ní Philadelphia àti New York tó jẹ́ pé ẹni tó gé ẹran ló ni ọ̀bẹ. Àwọn aṣòfin náà gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di dandan pé inú èrè ni ìṣákọ́lẹ̀ yóò ti máa jáde, kí ọ̀dá tó bá mú ṣọ́ọ̀bù lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni orúkọ.

Èyí tó kù, ẹ̀yin ará wa ní Houston, Atlanta àti Maryland tí ẹ ń dájọ láti háyà orúkọ ni mo ń bá sọ ọ́. Òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n fún yín ní ìwé àlàyé òwò náà, ó kéré tán ọjọ́ 14 kí ẹ tó fọwọ́ sí àdéhùn tàbí kí ẹ tó san owó kankan. Ìwé náà nípọn, ìpolówó ló sì pọ̀ jù lẹ́nu aṣojú tó máa gbé e wá. Ẹ ṣí i sí Item 6, ibẹ̀ ni wọ́n to gbogbo owó tí wọn yóò máa gbà lọ́wọ́ yín sí. Kí ẹ wá ṣí Item 20, iye ṣọ́ọ̀bù tó kógbá sílé wà níbẹ̀, àti orúkọ àwọn tó kúrò nínú òwò náà lọ́dún tó kọjá, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù wọn. Àwọn yẹn ni kí ẹ pè, kì í ṣe ẹni tí aṣojú bá ní kí ẹ pè. Ẹ bi wọ́n ní iye tó kù lọ́wọ́ wọn lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí wọ́n bá ti san ìdá 12 àtààbọ̀ yẹn.