Pẹ́pẹ́yẹ kan rèé, ẹyẹlé jù ú lọ!

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, bí ọdẹ kan bá ti oko Ọ̀nà-Àrà gbé ẹyẹ omi kékeré wá bá yín, tó ní pẹ́pẹ́yẹ ni, ẹ má tíì pè é ní òpùrọ́. Oníbàárà lè ní, "Ìyá, ṣé ọmọ pẹ́pẹ́yẹ lẹ wá ń tà fún wa báyìí?" Rárá o, àgbà ni. Bó ṣe mọ nìyẹn.

Kò sí pẹ́pẹ́yẹ tó kéré tó o ní ilẹ̀ Áfíríkà. Bíi gírámù 260 sí 285 ló wọ̀n, ẹyẹlé ilé mìíràn wúwo jù ú lọ. Akọ pẹ́pẹ́yẹ ẹ̀yìnkùlé yín lè tó kílò mẹ́rin. Á tó mẹ́rìnlá eléyìí kí wọ́n tó dọ́gba. Tilé yẹn gan-an, àlejò ni, Amẹ́ríkà ni baba ńlá rẹ̀ ti wá. Eléyìí ni ọmọ onílẹ̀. Òyìnbó ń pè é ní gúùsì aràrá nítorí ẹnu rẹ̀ kúkurú, àmọ́ pẹ́pẹ́yẹ ni. Ẹ má sì ṣì í pè mọ́ èyí tó ń súfèé, tójú rẹ̀ funfun, tó ń wà ní adágún IITA l'Ákínyẹlé. Ìyẹn tóbi jù ú lọ dáadáa.

Akọ rẹ̀ mọ oge ṣe: ojú funfun, ẹnu yẹ́lò, ìhà pupa bíi bíríkì, àmì àwọ̀ ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn méjèèjì, àfi bí ẹni fi yẹtí sétí.

Oúnjẹ rẹ̀ ńkọ́? Òṣíbàtà tí ẹ fi ń ṣàdúrà pé kẹ́ ẹ lékè ni. Hóró rẹ̀ ló fẹ́ràn jù, á sì fi kòkòrò omi lé e. Àárín ewé yẹn náà ló ń sá sí. Ọlọ́kọ̀ ọ̀pẹẹrẹ lè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó má rí i.

Ṣùgbọ́n orí igi ló ń yé sí o! Ihò tí ẹyẹ bí àkókó gbẹ́ sílẹ̀, tàbí èyí tí igi fi jẹrà, ló ń wọ̀. Ẹyin mẹ́fà sí méjìlá, á sàba lé wọn fún bí ọjọ́ 23 sí 26. Bí ọmọ bá ti yọ, kò pẹ́ tí wọ́n fi ń bẹ́ sílẹ̀ látòkè, wọn ò tíì mọ fífò. Wọ́n fúyẹ́ bí òwú, egungun wọn kì í ṣẹ́.

Ibi tọ́rọ̀ ti di wàhálà rèé. Igi gbígbẹ oníhò ló ń wu aṣẹ́gi àti eléèédú. Tí wọ́n bá gé e, ilé ti lọ.  Òṣíbàtà fúnra rẹ̀ tún ní ọ̀tá: ewé omi olódòdó àlùkò tó gba ojú omi Badagry wọ Nàìjíríà ní 1984. Ó dé Ẹlẹ́yẹlé, adágún tí wọ́n sé lórí odò Ọ̀nà ní 1942 kí Ìbàdàn lè rómi mu. Ibi tó bá bò pátá, òṣíbàtà kì í róòrùn.

Àwọn kan sì ń da oògùn kòkòrò sódò láti fi pẹja. Nígbà kan, Gamalin àwọn àgbẹ̀ kòkó ni. Ẹja kú, kòkòrò kú, ẹyẹ tó jẹ wọ́n kú, ẹni tó ra ẹran náà sì wà ní lílà. Nítorí náà, ẹ bi ọdẹ léèrè kẹ́ ẹ tó sanwó: "Bàbá, ìbọn ni, àbí okùn? Ojú ọgbẹ́ dà?"