Aago Òmùwẹ̀ Tí Wọ́n Tún Tò
Ẹni tó bá fẹ́ ra aago òmùwẹ̀ Seiko 6309 lónìí, kó lajú sílẹ̀ dáadáa. Láti 1988 ni wọ́n ti dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní Jàpáànù. Èyí tí ojú rẹ̀ bá ṣì ń dán gbinrin, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ẹ̀yà àrọ́pò ni wọ́n fi tún un tò. Àtúntò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Fífi í pamọ́ fún oníbàárà ni ẹ̀ṣẹ̀. Mítà 150 tí wọ́n kọ sójú rẹ̀ kò sì lè dá omi dúró bí rọ́bà inú ìdérí ẹ̀yìn bá ti gbó. Ẹ jẹ́ kí alátùn-únṣe pààrọ̀ rọ́bà, kó fi òróró sí ẹ̀rọ rẹ̀, kó sì dán an wò bóyá ó ń jò, kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́ lọ sódò. Òǹtàjà tí kò bá lè sọ ẹ̀yà tó pààrọ̀, ẹ má náwó yín lọ́dọ̀ rẹ̀.