Ẹja Tí A Tú Sínú Ọ̀sà, Ta Ni Yóò Pè É Padà?

Ọ̀rọ̀ ẹja ni a fẹ́ bá yín sọ lọ́dún yìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ìkòkò ọbẹ̀ nìkan ni. Ọ̀rọ̀ àmánà ni.

Kò sí ọmọ Èkó, Ẹ̀pẹ́ tàbí Àgbádárìgì tí kò mọ epìyà. Oríṣi kan wà nínú rẹ̀ tí àgbọ̀n rẹ̀ máa ń dúdú. Omi etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, láti Senegal títí dé ìhà Kóńgò, ni ilé rẹ̀. Ó lè gbé nínú omi odò, ó sì lè gbé nínú omi oníyọ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀sà fi bá a lára mu, nítorí pé nígbà òjò omi odò a borí níbẹ̀, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn iyọ̀ òkun a wọlé. Akọ rẹ̀ ni í fi ẹnu gbé ẹyin títí ọmọ yóò fi jáde, nítorí náà ọmọ rẹ̀ kì í tètè ṣòfò. Ní adágún Nokoué ní Benin, àwọn apẹja máa ń ri ẹ̀ka igi mọ́lẹ̀ nínú omi kí ẹja yìí lè fi ibẹ̀ ṣe ilé, lẹ́yìn náà wọn a fi àwọ̀n yí i ká. Nílé, oúnjẹ ni, owó sì ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ẹja kan náà dà lẹ́yìn odi. Ní ọdún 2010, wọ́n kó o láti Ghana lọ sí Thailand. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, àwọn àgbẹ̀ tí ń sin edé lẹ́bàá òkun níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe pé epìyà àgbọ̀n-dúdú ti wọ inú adágún àwọn, ó sì ń jẹ ọmọ edé. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2024, ó ti tàn dé ìpínlẹ̀ tí ó ju 10 lọ. Ní ọdún náà, ìjọba wọn san 15 baht lórí kílò kan fún ẹni tí ó bá pa á, wọ́n sì tú ẹja ńlá tí ń jẹ ẹja sínú omi kí ó lè máa dín in kù. Síbẹ̀ wọn kò rí i pa tán.

Ẹnìkan lè bi wá pé, kí ló dé tí kò fi ba ọ̀sà tiwa jẹ́? Ìdáhùn rẹ̀ kò le. Níbí, kúta ń lé e, ẹyẹ ń ṣọ́ ọ, àwọn apẹja sì ti ń dẹ àwọ̀n fún un láti ayé àwọn baba ńlá wa. Ọlọ́hun ti fi òṣùwọ̀n sí i. Ẹni tí ó bá gbé e kúrò láàárín àwọn tí ń dín in kù, òṣùwọ̀n náà ni ó dà nù. Ẹja kò jẹ̀bi. Ẹni tí ó gbé e ni ó jẹ̀bi.

Àwa náà ti jẹ irú ìyà yìí rí. Ewéko olódòdó tí ń léfòó, tí ó ń dí ọ̀nà ọkọ̀ àwọn apẹja wa, Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Ní ọdún 1984 ni a rí i ní omi Àgbádárìgì, ó sì wà níbẹ̀ di òní.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹja ti wọ́n lọ́jà, pé ẹja yòówù tí ó bá ń bí kíákíá, àánú ni fún mẹ̀kúnnù. A kò kọ sísin ẹja. Ohun tí a kọ̀ ni kí ẹja àjèjì jáde láti inú adágún ẹnìkan wọ inú omi gbogbo ayé. Kí ẹni tí ń sin ẹja fi àwọ̀n dí ojú ibi tí omi rẹ̀ ń gbà jáde, kí ó má sì gbẹ́ adágún sí ibi tí àgbàrá ń dé. Ọmọ tí ó ń sin ẹja nínú ìgò, bí ó bá sú u, kí ó fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Kí ó má ṣe lọ tú u sínú ọ̀sà kí ó máa rò pé òun ṣe àánú. Àánú tí kò ní ìmọ̀ nínú lè pa ẹgbẹ̀rún ẹ̀dá nítorí ẹyọ kan. Kí àwa olùkọ́ pẹ̀lú sì kọ́ àwọn ọmọ wa ní orúkọ àwọn ẹja ìbílẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò mọ onílé kò lè dá àlejò mọ̀.

Àwọn àgbà ní bí a bá da omi síwájú, a ó tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹja àjèjì ni kí a má ṣe dà síwájú àwọn ọmọ wa. Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tí ó ṣe é lò. Àmín.