Ta Ló Kọ́ Yín ní Kọ̀ǹpútà?

 Mo mọ̀ pé kò rọrùn láti jí ọmọ láàárọ̀ Sátidé nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń sùn. Ẹ ṣeun tí ẹ ń mú wọn wá.

Ní Sátidé méjì sẹ́yìn, lẹ́yìn tí a parí kíláàsì, mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ wa, mò ń tẹ iṣẹ́ àṣetiléwá. Ọmọkùnrin kan láti kíláàsì àwọn àgbà dúró lẹ́yìn mi, ó ń retí bàbá rẹ̀. Ó ń wo ọwọ́ mi. Nígbàkígbà tí mo bá fẹ́ kọ "ẹ̀", mo máa ń ṣí ìwé àtijọ́ kan, mo máa wá "ẹ̀" níbẹ̀, mo máa dà á kọ, mo tún máa padà wá lẹ̀ ẹ́ síbi tí mo ti ń kọ̀wé. Ó wò mí títí, ó ní, "Mà, ta ló kọ́ yín ní kọ̀ǹpútà?" Kò fi rí mi fín o, ó fẹ́ mọ̀ ni. Mo dá a lóhùn kíákíá pé, "Èmi fúnra mi ni mo kọ́ ọ." Mo sì gbé orí sókè bí mo ṣe sọ ọ́.

Nígbà tí mo délé, ìdáhùn tí mo fún ọmọ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí kì í ṣe gbogbo òótọ́ ni mo sọ fún un. Ibi tí ó sì jẹ́ òótọ́ gan-an, ó ti ná mi ní ohun tí n kò lè rà padà.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí táípù. Ní 1986, nígbà tí mo jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, màmá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá kan ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn, tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní títẹ̀wé. A tó ogún nínú yàrá kan, ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ kò ju mẹ́jọ lọ. Ọ̀gá máa ń da aṣọ bo ọwọ́ wa kí a má bàa wo bọ́tìnnì. Bí o bá ń fi ìka kan wá lẹ́tà bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo, rúlà á bá ọ lẹ́yìn ọwọ́. Mo kórìíra ibẹ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n títí dòní, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni mo fi ń tẹ̀wé, n kì í sì í wo bọ́tìnnì. Ká ní èmi nìkan ni mo dá a kọ́ ni, ìka méjì tó yá mi lára ni mi ò bá máa lò títí di ọ̀la.

Kọ̀ǹpútà ni ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi. Mo dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1996. Nígbà tí mo nílò lẹ́tà ìwáṣẹ́, mo kọ́ bí a ṣe ń kọ lẹ́tà lórí ẹ̀rọ. Nígbà tí wọ́n ní kí n fi ímeèlì ránṣẹ́, mo kọ́ ímeèlì. Ohun tí mo bá nílò lọ́jọ́ náà ni mo ń kọ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo dà bí àlejò tó mọ ọ̀nà ọjà, ọ̀nà ibi iṣẹ́ àti ọ̀nà ilé, tó wá ń sọ fún ènìyàn pé òun mọ ìlú.

Ní 2009, màmá mi wá lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ wa. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ mi kan bi wọ́n pé kí ni ìtumọ̀ orúkọ tí wọ́n ń fi kí òun, ni Màmá bá bẹ̀rẹ̀ oríkì ìdílé wa. Wọ́n kí ti ilé bàbá mi, wọ́n bọ́ sí ti ilé tiwọn, wọ́n ń dúró láti ṣàlàyé ẹni tí ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ àti ogun tó lé e kúrò níbi tó wà. Ó lé ní ogójì ìṣẹ́jú. Mo gba ohùn wọn sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ kékeré kan, mo sì kó o sínú kọ̀ǹpútà alágbèéká mi. Àwòrán kékeré kan wà lójú kọ̀ǹpútà náà. Bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, ohùn Màmá á jáde. Nítorí pé n kò fẹ́ kí ó sọnù, mo da àwòrán kékeré yẹn kọ sínú fíláàṣì, mo fi fíláàṣì sínú àpótí gọ́ọ̀lù mi. Ẹ rí i pé mo ṣe làákàyè.

Màmá jáde láyé ní 2013. Ní 2015, kọ̀ǹpútà náà kàn dákẹ́ ni. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe, ó ní ibi tí ẹ̀rọ náà ń kó nǹkan sí ti bàjẹ́, kò ṣeé mú padà. Ó bi mí pé, "Ṣé ẹ ní ẹ̀dà rẹ̀?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo fún un ní fíláàṣì. Ó ṣí i, ó wò ó, ó wò mí, kò sì rẹ́rìn-ín. Ohun tó wà nínú fíláàṣì kì í ṣe ohùn ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà àbùjá ni: àmì tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé ohùn náà wà níbi báyìí báyìí. Kò ju kílóbáìtì méjì lọ. Ó dà bí ẹni tó kọ àdírẹ́sì ilé sórí bébà, tó fi sápò, tó rò pé ilé ni òun gbé dání. Ilé sì ti jóná.

Mo tiraka láti kọ oríkì náà sílẹ̀ láti orí. Mo rántí ìbẹ̀rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti yà sí ilé tiwọn, mi ò lè tẹ̀síwájú. Ẹni tí mo lè bi léèrè ti lọ.

Ọdún yẹn ni mo forúkọ sílẹ̀ fún kíláàsì alẹ́ àwọn àgbàlagbà. Ọmọbìnrin tó kọ́ wa kò ju ọmọ mi àgbà lọ. Ọ̀sẹ̀ kejì ló sọ̀rọ̀ nípa fáìlì: bí a ṣe ń mọ irú rẹ̀, bí a ṣe ń wo bí ó ṣe tóbi tó, ìyàtọ̀ tó wà láàárín fáìlì àti ọ̀nà àbùjá rẹ̀. Ó ní bí orin bá jẹ́ kílóbáìtì méjì, kì í ṣe orin. Gbogbo ẹ̀kọ́ náà kò gbà tó ogún ìṣẹ́jú. Mo jáde lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀, mo lọ bọ́jú.

Ohun tó ń ṣe ẹni tó dá ara rẹ̀ kọ́ nìyí: kò lè béèrè ohun tí kò mọ̀ pé ó wà. Ẹ lè wá ohunkóhun lórí ayélujára (ẹ̀yin ọmọ, ẹ wo bí wọ́n ṣe so ọ̀rọ̀ yẹn pọ̀: ayé ti lu jára, ibí ti já sí ọ̀hún), ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ ń wá. Mi ò wá "ọ̀nà àbùjá" rí láyé mi. Kí ni mi ò bá wá a sí?

Síbẹ̀, ẹ má tíì sáré lọ san owó kíláàsì. Ilé ẹ̀kọ́ náà ní àbùkù tirẹ̀, ìlú tí à ń gbé yìí ló sì fi hàn jù. Ní December 1981, ilé iṣẹ́ Acorn ní Cambridge gbé kọ̀ǹpútà kan jáde tí wọ́n ń pè ní BBC Micro. BBC ṣe ètò tẹlifíṣọ̀n lé e lórí ní 1982, ẹ̀rọ náà sì wọ ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́. Bí ẹ bá tan ẹ̀rọ ayé ìgbà yẹn, kò sí àwòrán tí ẹ máa tẹ̀. Ṣe ló máa dúró tí ẹ ó fi kọ àṣẹ fún un ní èdè BASIC. Àwọn ọmọdé ń da kóòdù kọ láti inú ìwé ìròyìn, wọ́n ń ṣì í kọ, wọ́n ń tún un ṣe. Nígbà tó yá, ilé ẹ̀kọ́ sọ kọ̀ǹpútà di ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní ICT, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò ju kí ọmọ kọ lẹ́tà, kí ó to nọ́ńbà sínú tábìlì. Láàárín àwọn ọdún 2000, Eben Upton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Cambridge ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ tó ń wá kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ àwọn kò mọ kóòdù tó àwọn tó wá ní àwọn ọdún 1990. Kíláàsì ti wà o, ẹ̀kọ́ ló ń dín kù! Ìdí tí wọ́n fi ṣe Raspberry Pi nìyẹn, kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ olówó pọ́ọ́kú tó jáde ní February 2012, kí ọmọdé lè ní ohun tí yóò máa tú palẹ̀. Ní September 2014, ìjọba yí ètò ẹ̀kọ́ ilẹ̀ England padà, wọ́n yọ ICT, wọ́n fi Computing rọ́pò rẹ̀, láti orí ọmọ ọdún márùn-ún.

Ẹ tún wo Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí bàbá ìyá rẹ̀ ra Commodore VIC-20, tí ó ń bá bàbá àgbà tẹ iṣẹ́ sínú rẹ̀. Ó dá kọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan. Ṣùgbọ́n ó wọ Yunifásítì Helsinki ní 1988, ibẹ̀ ló ti bá Unix pàdé, ó sì ka ìwé ọ̀jọ̀gbọ́n Andrew Tanenbaum. Ní 1991 ó bẹ̀rẹ̀ Linux, èyí tó wà ní ìdí gbogbo fóònù Android tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹni tó bá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ọkùnrin yìí dá ara rẹ̀ kọ́, kí ó sọ ìyókù fún un.

Àwa Yorùbá tún ní ọ̀nà kẹta tí a kì í kà sí ẹ̀kọ́ mọ́ nígbà tí a bá ti dé òkè òkun. Àbúrò mi ọkùnrin ṣe ọmọ iṣẹ́ ọdún méjì ní Computer Village, ní Ìkẹjà, lójú pópó Ọ̀tìgbà. Ó gbálẹ̀, ó ra oúnjẹ fún ọ̀gá, ó tan iná tọ́ọ̀ṣì sí ọwọ́ ọ̀gá kí wọ́n tó jẹ́ kí ó di ìsó kan mú. Kò sí ìwé ẹ̀rí kankan lọ́wọ́ rẹ̀ àyàfi ti fíríìdọ́ọ̀mù. Nígbà tí mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, ó dákẹ́ lórí fóònù, ó wá ní, "Àǹtí mi, ohun tí ọ̀gá kọ́kọ́ kọ́ mi nìyẹn. A kì í fọwọ́ kan ẹ̀rọ oníbàárà kí a tó da ohun inú rẹ̀ kọ, kí a sì ṣí i wò." Ọdún mélòó ni mo ti ń bá a sọ̀rọ̀ lọ́ṣọọ̀ṣẹ̀? Èmi ẹ̀gbọ́n tí mo wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣé èmi ni màá béèrè kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ àbúrò?

Mo ń sọ èyí nítorí ìyá àti bàbá kan tó dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà láìpẹ́ yìí. Ọmọ wọn wà ní Year 9, ó ń yan ẹ̀kọ́ tí yóò ṣe fún GCSE. Bàbá ní òun kò kọ́ kọ̀ǹpútà níbi kankan, òun sì ń fi ṣiṣẹ́ jẹun, fídíò orí YouTube ti tó. Ìyá ní ìwé ẹ̀rí ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè. Mo gbè sẹ́yìn ìyá, mo sì sọ ọ́ lójú bàbá. Ọmọ aláwọ̀ dúdú tó ń kan ilẹ̀kùn iṣẹ́ ní ìlú yìí nílò ìwé lọ́wọ́, ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa. Ṣùgbọ́n mo ní kí bàbá náà má dẹwọ́: kí ó jókòó ti ọmọ náà, kí ó máa wo bí ó ṣe ń ṣe é, kí ó jẹ́ kí ọmọ náà ba nǹkan jẹ́ níṣojú rẹ̀. Fídíò kì í rí ọwọ́ ẹni tó ń wò ó. Bí ilé ẹ̀kọ́ ọmọ yín kò bá sì ní ẹ̀kọ́ náà, ẹ wá ẹnì kan tí yóò máa wo ọwọ́ rẹ̀.

Ọmọkùnrin tó bi mí léèrè ńkọ́? Ó gba bọ́tìnnì lọ́wọ́ mi. Ìṣẹ́jú márùn-ún ló fi ṣí bọ́tìnnì Yorùbá tó ti wà nínú Windows láti ọjọ́ yìí wá, tí mo ń lẹ "ẹ̀" mọ́ ìwé bí ẹni ń lẹ bébà mọ́ ògiri. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní òun náà ní ìbéèrè: kí ló dé tí "ẹ́" tí òun ń kọ ránṣẹ́ sí màmá òun ń di àpótí kékeré lórí ẹ̀rọ wọn? Mo mọ ìyẹn, wọ́n kọ́ mi ní kíláàsì alẹ́. Lẹ́tà "é" ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, "ẹ" ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n "ẹ́" kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀. "Ẹ" ni a kọ́kọ́ ń kọ, a ó wá gbé àmì lé e lórí. Fọ́ǹtì tí kò bá ní àmì náà nínú ló máa ń gbé àpótí jáde. Ó ní, "Háà! Fọ́ǹtì ni!" Bàbá rẹ̀ ń fọn fèrè ọkọ̀ níta, kò gbọ́.

Àgbà ló ń ní àkísà, èmi ti fi tèmi hàn yín. Ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù yìí, lẹ́yìn kíláàsì, a ó jókòó fún wákàtí kan. Ẹni tó bá ní ohùn bàbá àgbà, ìyá àgbà tàbí ìyá rẹ̀ nínú fóònù, ìbáà jẹ́ ìkíni ọjọ́ ìbí lásán lórí WhatsApp, kí ó mú fóònù náà wá pẹ̀lú fíláàṣì kan. Àwọn ọmọ kíláàsì àwọn àgbà ni yóò dà á kọ síbi méjì fún yín. Èmi yóò máa wò wọ́n. A ó sì ṣí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, a ó gbọ́ ohùn inú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó gbé báàgì rẹ̀ lọ sílé.