Ẹ Má Ra Tòní

Létí títì Abẹ́òkúta sí Ṣágámù, ní Kọ́bapẹ́, ìyá kan wà tí mo máa ń ra gaàrí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tá a jọ wọkọ̀ ló júwe rẹ̀ fún mi: "Ẹ fi àwọn tó ń sáré tọ ọkọ̀ sílẹ̀, ìyá tó jókòó sẹ́yìn ni kẹ́ ẹ bá lọ." Èmi náà ti júwe rẹ̀ fún èèyàn tí n kò lè kà tán.

Owó rẹ̀ kò dín sí ti àwọn yòókù. Kóńgò kan náà ni wọ́n jọ fi ń wọ̀n ọ́n, èènì rẹ̀ kò sì ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ. Ọjọ́ tí mo di tirẹ̀ pátápátá ni ọjọ́ tó fọwọ́ bo igbá mọ́ mi lójú: "Kọ́sítọ́mà mi, ẹ má ra tòní. Kò gbẹ. Á bu mọ́ yín lọ́wọ́."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ná, kọ́sítọ́mà. Òyìnbó tó ni ín, òǹrajà nìkan ló ń pè bẹ́ẹ̀. Lẹ́nu tiwa, òǹtajà náà ń jẹ́ ẹ. Àwa la mọ̀ ọ́n lò.

Ọjà tó dáa, ẹnu oníbàárà ní í polówó rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwódé kan náà ni Kọ́bapẹ́ àti Ọ̀fàdà wà. Ẹnu àwọn tó jẹ ìrẹsì Ọ̀fàdà ló gbé orúkọ ìlú kékeré yẹn dé Lọ́ńdọ̀nù. Lónìí, ìrẹsì tí kò fojú kan Ọ̀fàdà rí ń jẹ́ Ọ̀fàdà.

Ṣùgbọ́n ẹnu kan náà ló ń gbé ìráhùn kiri. Láàárín ọdún 1920 sí 1930, àwọn oníṣòwò ń ti Senegal àti Gold Coast wá ra àdìrẹ l'Abẹ́òkúta. Àwọn aláró wá gbá sódà àti aró òyìnbó mú, nítorí ó yá ju èlú àti omi eérú lọ. Oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí kùn pé aṣọ ń gbó kíákíá, aró ń ṣí. Aláké Adémọ́lá Kejì fẹ́ fòfin de sódà. Àwọn obìnrin aláró yarí, títí ọ̀rọ̀ fi di ti ìgbìmọ̀ ìwádìí ní 1936. Èmi ò dá wọn lẹ́bi tán, owó ti ṣọ̀wọ́n nílùú nígbà náà. Àmọ́ òfin wo ni ọba fẹ́ ṣe fún ẹni tó ti gbé aṣọ rẹ̀ dé Dakar, tó ń fi yíya rẹ̀ han aládùúgbò?

Àwọn ọmọ wa tó ń ta ọṣẹ àti ìpara báyìí ń sanwó fún gbajúmọ̀ orí Instagram kó bá wọn yìn ín. Ó dáa náà. Ta ló máa sọ fún wa lọ́jọ́ tí ọṣẹ kò bá jinná?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo tún yà ní Kọ́bapẹ́. Ìyá lọ òde ìsìnkú, ọmọ rẹ̀ ló jókòó. Mo na ọwọ́ sí igbá iwájú, ó dá mi dúró.

"Ẹ ṣé e jẹ́jẹ́, sà. Màámi ní bí bàbá onígíláàsì bá dé, inú àpò ẹ̀yìn ni kí n ti wọn tiyín."