Ta Ni Ó Pa Wọ́n? Àwọn Olólùfẹ́ Tí Eré Amóhùnmáwòrán Bràsíl Fi Ìtàn Dù

Àwọn kan wà tí wọ́n ń fi ìfẹnukonu díwọ̀n ìlọsíwájú eré ìfẹ́ orí amóhùnmáwòrán. Bí ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì bá ti fẹnu ko ara wọn lẹ́nu lójú òǹwòran, wọn a ní eré náà ti dàgbà. Bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọn a ní ó ṣì wà lẹ́yìn. Àwọn mìíràn sì wà tí ìfẹnukonu kan náà ń bí nínú, tí wọ́n ń wí pé eré ti bàjẹ́ tán. Ìjà ni àwọn méjèèjì ń bá ara wọn jà, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n kan náà ni wọ́n jọ ń lò, òṣùwọ̀n náà kò sì péye. Ìtàn ni eré jẹ àwọn olólùfẹ́ inú rẹ̀ ní gbèsè: ìfẹ́ tí ó ní ìdí, ìdènà tí ó ti inú ìtàn wá, ìpinnu tí àwọn fúnra wọn ṣe, àti àbáyọrí tí ó bá ìpinnu náà mu. Eré tí ó bá fi èyí dù wọ́n ti ṣe àìṣòdodo, ìbáà fi ẹgbẹ̀rún ìfẹnukonu kún un.

Eré àwọn ará Bràsíl, èyí tí wọ́n ń pè ní novela, fi ọ̀rọ̀ yìí hàn gbangba. Ilé-iṣẹ́ Globo ni ó lókìkí jù lọ nídìí rẹ̀. Alẹ́ mẹ́fà nínú ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń gbé novela jáde, fún oṣù mélòó kan. Òǹkọ̀wé kì í parí rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi í hàn; bí ó ti ń kọ ọ́ ni àwọn òṣèré ń ṣe é, bí àwọn òṣèré sì ti ń ṣe é ni ilé-iṣẹ́ ń ka iye òǹwòran. Nítorí náà, ariwo ọjà lè wọ inú ìtàn nígbà tí ìtàn kò tíì dé ìdajì. Ẹ̀dá-ìtàn tí òǹwòran kórìíra lónìí lè ṣàìsí mọ́ ní oṣù tí ń bọ̀. Igi gangan-ran má gùn mí lójú, òkèèrè ni wọ́n ti ń wò ó: ibi tí ariwo ti ń wọlé yìí gan-an ni ó yẹ kí lámèyítọ́ máa ṣọ́.

Ní ọdún 1988, Gilberto Braga, Aguinaldo Silva àti Leonor Bassères kọ Vale Tudo fún Globo. Olólùfẹ́ ni Cecília àti Laís inú eré náà, wọ́n sì jọ ń gbé. Àwọn aṣàyẹ̀wò eré tí ìjọba yàn ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí eré náà bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì gé nínú ọ̀rọ̀ tí àwọn obìnrin méjèèjì ń bá ara wọn sọ. Oṣù kẹwàá ọdún náà ni òfin ìpìlẹ̀ tuntun fòpin sí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó yá, Cecília kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀. Arákùnrin rẹ̀, Marco Aurélio, sì dìde láti gba ogún rẹ̀ mọ́ Laís lọ́wọ́. Ikú yìí dunni, ṣùgbọ́n ó ní iṣẹ́ tí ó ń jẹ́. Òun ni ó gbé ìbéèrè ńlá kalẹ̀ níwájú gbogbo òǹwòran: ta ni ẹbí òkú? Ṣé ẹni tí ó bá a tan ni, àbí ẹni tí ó bá a gbé? Laís kò dákẹ́. Ó jà fún ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó kù sẹ́yìn ṣì ní ìtàn.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ikú mìíràn dé. Nínú Torre de Babel tí Silvio de Abreu kọ ní ọdún 1998, Christiane Torloni àti Sílvia Pfeifer ṣe Rafaela àti Leila, obìnrin méjì tí wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Ọ̀pọ̀ òǹwòran fi ẹ̀hónú hàn sí wọn. Kò pẹ́, ilé-ìtajà ńlá inú ìtàn náà bú gbàmù, àwọn méjèèjì sì bá a lọ. Ìbúgbàmù náà ti wà nínú ètò ìtàn tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpinnu wo ni àwọn obìnrin wọ̀nyí ṣe tí ó gbé wọn dé ibẹ̀? Ìbéèrè wo ni ikú wọn gbé dìde? Kò sí opó tí yóò jà, kò sí ogún tí wọn yóò fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti ka Ẹfúnṣetán Aníwúrà, eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ̀ jáde ní ọdún 1970, mọ ìyàtọ̀ yìí. Nígbà tí Ìyálóde gbé májèlé jẹ, òǹkàwé lè fi ìka tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti orí ikú ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo dé orí ìkà tí ó ń ṣe sí àwọn ẹrú rẹ̀. Ìwà rẹ̀ ni ó pa á. Kò sí ẹni tí ó lè tọ irú ipasẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún Rafaela àti Leila. Lílé ni wọ́n lé wọn kúrò nínú ìtàn, tí wọ́n sì fi iná àti èéfín bo ìléjáde náà mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá pe èyí ní eré oníbànújẹ́ kò mọ ohun tí eré oníbànújẹ́ jẹ́.

Bí wọn kò bá pa olólùfẹ́, wọ́n a fi ìfẹ́ wọn pamọ́. Ní ọdún 2005, Glória Perez kọ ìfẹnukonu Júnior àti Zeca sí ìparí América. Àwọn òṣèré ṣe é, ẹ̀rọ sì gbà á sílẹ̀. Nígbà tí alẹ́ ìkẹyìn dé, Globo kò fi í hàn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2011, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Bràsíl fọwọ́ sí ìgbépọ̀ ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì lábẹ́ òfin. Ní oṣù kan náà, SBT, ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán mìíràn, fi ìfẹnukonu obìnrin méjì hàn nínú Amor e Revolução. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2013, àṣẹ jáde pé ọ́fíìsì tí ń forúkọ ìgbéyàwó sílẹ̀ kò gbọdọ̀ lé irú àwọn bẹ́ẹ̀ padà. Síbẹ̀, ó di ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kìn-ín-ní ọdún 2014 kí Globo tó fi ìfẹnukonu ọkùnrin méjì hàn nínú novela alẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin méjì lè fẹ́ ara wọn ní ọ̀sán lábẹ́ òfin, kí wọ́n dé ilé ní alẹ́, kí wọ́n má sì rí irú ara wọn nínú eré.

Amor à Vida tí Walcyr Carrasco kọ ni eré tí ó fi í hàn náà. Félix, tí Mateus Solano ṣe, kì í ṣe ẹni mímọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn, ó gbé ọmọ-ọwọ́ tí arábìnrin rẹ̀ bí sọ sínú àpótí ìdọ̀tí. Ó purọ́, ó ṣèkà, ó fi ìyàwó bojú. César, bàbá rẹ̀, sì kórìíra irú ẹni tí ó jẹ́. Àṣírí tú, ó pàdánù ọlá, ó di ẹni tí ń ta oúnjẹ lójú pópó, kí òun àti Niko tó di ti ara wọn. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ tí ó ń ṣépè fún un ní ìbẹ̀rẹ̀ fi fẹ́ kí ó rí ayọ̀ ní ìparí. Ìtàn ni ó sọ ọ́ di ènìyàn. Ìran tí ó kẹ́yìn gbogbo rẹ̀ kì í tilẹ̀ ṣe ti ìfẹnukonu náà: Félix àti bàbá rẹ̀ aláìsàn ni wọ́n wà létí òkun, tí bàbá sì jẹ́wọ́ fún ọmọ pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àléébù kan kò ṣeé fi pamọ́. Olólùfẹ́ takọtabo inú eré náà ti ń fẹnu ko ara wọn láti oṣù dé oṣù, wọ́n ń jà, wọ́n ń parí ìjà. Ti Félix àti Niko di ẹ̀bùn ìdágbére. Wọ́n fún wọn ní ìfẹ́, wọn kò fún wọn ní ọ̀la.

Ní oṣù kẹta ọdún 2015, Babilônia gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Gilberto Braga wà lára àwọn tí ó kọ ọ́. Ní alẹ́ àkọ́kọ́ gan-an ni Teresa àti Estela, àgbà obìnrin tí wọ́n ti jọ gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, fẹnu ko ara wọn. Fernanda Montenegro àti Nathalia Timberg, tí ó ṣe wọ́n, jẹ́ ẹni ọdún 85 nígbà náà. Àwọn aṣòfin ìjọ ajíhìnrere kọ ìwé ìtakò, wọ́n ní kí àwọn ènìyàn má wo eré náà mọ́. Òǹwòran dín kù, wọ́n tún ìtàn ṣe, wọ́n sì dín ìfarakanra àwọn àgbà méjèèjì kù. Nínú eré kan náà, Beatriz pa ènìyàn. Ìfẹnukonu àwọn arúgbó ni ìwé ìtakò dìde sí.

Àwíjàre méjì ni àwọn alátakò máa ń mú wá. Èkíní ni pé òǹwòran ni ó ni amóhùnmáwòrán. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: ẹni tí kò fẹ́ eré ní ẹ̀tọ́ láti pa ẹ̀rọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ láti pa ẹ̀rọ kì í ṣe ẹ̀tọ́ láti pa ẹ̀dá-ìtàn. Èkejì ni pé àwọn ọmọdé ń wò. Àwọn ọmọdé kan náà ni ó wo Félix nígbà tí ó ń gbé ọmọ jù sínú ìdọ̀tí. Ọmọ tí ó bá sì ń rí i lọ́dọọdún pé irú olólùfẹ́ báyìí ni ikú òjijì ń pa, tàbí pé ìṣẹ́jú ìkẹyìn ni wọ́n ń yọjú, ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan: pé àwọn ènìyàn kan wà tí ayé wọn kò tó ìtàn í sọ. Bí ọmọ náà bá jẹ́ ọ̀kan lára wọn ńkọ́?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ náà ti parí. Ní ọdún 2023, àwọn ìwé ìròyìn Bràsíl tún gbé e pé Globo gé ìfẹnukonu Clara àti Helena kúrò nínú Vai na Fé. Iṣẹ́ olùkọ́ lítíréṣọ̀ nínú èyí kò ṣòro í mọ̀. Kí ó kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti bi irú eré bẹ́ẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé ìwà àti ìpinnu ẹ̀dá-ìtàn ni ó fa ohun tí ó dé bá a? Ṣé ìwọ̀n àyè tí àwọn olólùfẹ́ yòókù ní ni òun náà ní, láti ṣẹ̀, láti jà àti láti ronú pìwà dà? Bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò, ǹjẹ́ àlàfo yóò wà nínú àhunpọ̀-ìtàn? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lè dáhùn wọn yóò mọ òkú tí ìtàn pa yàtọ̀ sí òkú tí ìbẹ̀rù pa, yóò sì lè dárúkọ ẹni tí ó pa Rafaela àti Leila.