Owó oṣù àkọ́kọ́ ọmọ wa, ẹ má tíì pín in

Ẹ̀yin ará wa ní Tchaourou, ní Kilibo, ní Ṣábẹ̀ẹ́, àti ẹ̀yin tí ẹ wà lódì kejì ẹnubodè, ní Ṣakí, Ìṣẹ́yìn àti Ìlọrin, ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ wá lọ́kàn láti ìgbà tí èsì BAC ti jáde, a ò sì fẹ́ kó tutù ká tó sọ ọ́.

Ẹ wo bí ilé ṣe máa ń rí lọ́jọ́ tí èsì bá jáde. Wọ́n á pa adìẹ, wọ́n á ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò, àwọn àna á pè láti òkèèrè. Kí oṣù 3 tó pé, ẹni tó jẹ itan adìẹ yẹn gan-an ni yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí yóò máa bi ọmọ pé, "Ìwọ ò tíì ríṣẹ́ ni?"

Ẹ jẹ́ ká fi wé ọmọ tó lọ kọ́ṣẹ́. Ọmọ tó kọ́ iṣẹ́ télọ̀ tàbí iṣẹ́ irun, ọjọ́ tó bá ṣe fíríìdọ́ọ̀mù, gbogbo wa la mọ̀ pé owó máa jáde. A ó ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún un, a ó ra aṣọ ẹgbẹ́, a ó san ohun tí ọ̀gá rẹ̀ bá ní ká san, a ó sì wá ibi tí yóò máa jókòó sí. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé kí ọmọ náà lọ fi ọwọ́ lásán rán aṣọ. Àmọ́ ọmọ tó lo ọdún 13 ní ilé ìwé, kí la fún un lọ́jọ́ tó jáde? Àdúrà ni. Àdúrà dára, a ò ní ká má gbà á. Ṣùgbọ́n a ò fi àdúrà wọ bọ́ọ̀sì.

Nígbà kan, ọmọ tó bá jáde ní ilé ìwé lágbègbè wa níbí máa ń rí nǹkan fọwọ́ bà kíá. Á to ìgò epo kpayo sí etí títì tó lọ sí Parakou, á máa tà fún àwọn ọlọ́kadà. Kì í ṣe iṣẹ́ tí a lè fọwọ́ sọ̀yà fún, iná ti jó àwọn ènìyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń fún ọmọ lówó ọṣẹ. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní Nàìjíríà ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, epo wọ́n lọ́hùn-ún, ó sì wọ́n lọ́dọ̀ wa. Èrè tó wà nídìí ìgò dín kù. Ọ̀pọ̀ tábìlì tó wà létí títì ni kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ohun tó wá kù tí gbogbo ẹnu ń sọ ni iṣẹ́ ilé ẹ̀rọ ní ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin 2024, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ kò gbà kí ẹnikẹ́ni kó kóró kaṣú tútù jáde nílẹ̀ yìí mọ́. Wọ́n ní kí a pa á, kí a bó o, nílé kí ó tó jáde. Apá kan ń lọ sí àwọn ilé ẹ̀rọ tó wà ní agbègbè Parakou, apá tó pọ̀ sì ń gba títì lọ sí Glo-Djigbé, lẹ́bàá Kútọnu. Kaṣú tí a kórè níbí ló wà nínú ọkọ̀ ńlá wọ̀nyẹn, àwọn ọmọ wa sì ń tẹ̀ lé e lọ. Ó lé ní 300 kìlómítà. Àwọn àgbà wa a máa rántí ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ń dúró ní Tchaourou, tí ènìyàn lè bá a lọ ní owó tí kò pọ̀. Ìyẹn ti di ìtàn.

Ibi tí a fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí nìyí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin gbà láàyè ní Bẹ̀nẹ̀ ni 52,000 fráǹkì. Nínú rẹ̀, wọ́n ń yọ 3.6 nínú 100 fún CNSS, ìyẹn owó ìfẹ̀yìntì. 1,872 fráǹkì lọ, ó ku 50,128. Ká ní ọmọ rí yàrá kan ní 15,000 lóṣù, tó sì ń jẹ 1,000 fráǹkì lóòjọ́, àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́. Ìyẹn 45,000. Ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ 5,128 fráǹkì. A ò tíì ka owó ọ̀kadà, ọṣẹ, omi, káàdì fóònù, tàbí egbòogi ibà.

Ó tún kù o. Onílé kò ní fún un ní kọ́kọ́rọ́ láìgba owó oṣù 3 ṣáájú, ó kéré tán. 45,000 nìyẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Owó iṣẹ́ sì di ìparí oṣù kó tó jáde, oúnjẹ ọjọ́ 30 sì jẹ́ 30,000. Ẹ ṣírò rẹ̀: 75,000 fráǹkì ni ọmọ gbọ́dọ̀ ná, yàtọ̀ sí owó ọkọ̀, kí 50,128 àkọ́kọ́ tó dé ọwọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ń gba owó kó tó mú owó wá. Bí kò bá ní i, gbèsè ni yóò jẹ, tàbí kó padà sílé.

Nínú ilé wa, ọmọkùnrin kan padà. Ó ṣe oṣù 2. Ó ń sùn lórí ẹní pẹ̀lú àwọn 5 mìíràn nínú yàrá kan, ó ń dúró ní wákàtí 8 lórí ẹsẹ̀, kò ráhùn. Ọjọ́ tí owó oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́ dé, fóònù rẹ̀ kò sinmi. Ìyá àgbà fẹ́ ra oògùn. Àbúrò fẹ́ san owó ilé ìwé. Ẹnì kan, a ò ní sọ ẹni tí í ṣe, ní kó fi nǹkan ránṣẹ́ fún ìsọmọlórúkọ ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì rí rí. Ó pín in tán. Nígbà tí oṣù kejì fi dé ìdajì, kò ní owó ọ̀kadà tí yóò gbé e dé ibi iṣẹ́. Ó fi ẹsẹ̀ rìn, ó pẹ́ dé, ó tún pẹ́ dé, wọ́n ní kó máa lọ. Nígbà tó wọlé, àwa kan náà tí a gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ la ní ó lẹ̀, kò lè farada ìyà.

A sọ èyí pẹ̀lú ìtìjú.

Ọ̀rọ̀ ìwé náà wà níbẹ̀. Iṣẹ́ tó lójú ń béèrè ìwé ìbí, nọ́ńbà NPI tí ANIP ń fúnni, àti ìwé tó fi hàn pé ọmọ kò lẹ́jọ́ lọ́rùn. Ọmọ ẹnubodè máa ń rí ìyọnu tí ọmọ Kútọnu kò mọ̀. Ọmọ kan náà, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ ní "Oluchola" ní Tchaourou nítorí pé bí Faransé ṣe ń kọ ṣ nìyẹn. Ó lọ gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Ìlọrin, ó gba ìwé ẹ̀rí WAEC níbẹ̀ ní "Olusola". Olúṣọlá ni Olúṣọlá ní ẹnu gbogbo wa, ṣùgbọ́n lójú akọ̀wé, ènìyàn 2 ni wọ́n. Ẹ tún un ṣe nígbà tí ọmọ ṣì wà ní ilé ìwé, kì í ṣe lọ́sẹ̀ tí wọ́n pè é síṣẹ́.

Àwọn kan yóò ní ìjọba ni kó ṣe é. Òótọ́ ni. Ní Nàìjíríà, ẹni tó bá jáde fásitì ń lọ sin ilẹ̀ baba rẹ̀ fún ọdún kan, wọ́n sì ń fún un ní owó oṣooṣù. Láti 1973 ni wọ́n ti ń ṣe é. Lọ́dọ̀ wa, ANPE wà, ètò PSIE sì wà tó ń fi àwọn tó gboyè sí ilé-iṣẹ́, kí ọmọ yín lọ forúkọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ní BEPC tàbí BAC nìkan, ilé rẹ̀ ló ní.

Àwọn mìíràn á sì bi wá pé níbo ni tálákà yóò ti rí 75,000? Kaṣú ń so láti oṣù kejì dé oṣù karùn-ún, ìdánwò BAC sì jẹ́ oṣù kẹfà. Bí ọmọ bá wọ kíláàsì tó kẹ́yìn, kí wọ́n ya àpò kaṣú kan tàbí 2 sọ́tọ̀ lọ́dún náà, kí wọ́n tà á, kí owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ná an. Ẹni tí kò ní oko lè bá àwọn ìyá dá àjọ láti ọdún tó ṣáájú. Bí a ṣe ń ṣe é fún fíríìdọ́ọ̀mù nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó ń pè é ní ìkẹ́kẹ̀ẹ́bàjẹ́.

Ní ti owó oṣù àkọ́kọ́, a mọ àṣà wa. Ọmọ á gbé e wá fún bàbá àti ìyá kí wọ́n fi súre. Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ súre sí i dáadáa, ẹ sì dá a padà. Kí ilé má béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ títí oṣù 6 yóò fi pé, àfi bí àìsàn bá dé. Bó bá fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, ìyẹn yàtọ̀.

Ọmọbìnrin kan nínú ilé wa ń lọ sí ìsàlẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. A ta àpò kaṣú rẹ̀ ní oṣù kẹrin, owó náà wà lọ́wọ́ àǹtí rẹ̀. Àbúrò bàbá rẹ̀ ti wá bẹ̀ wá lẹ́ẹ̀mejì pé ká yá òun nínú ẹ̀, òun fẹ́ fi ra táyà ọ̀kadà. A ò tíì fún un.